Ife Kọfí Ló Dá Ìjà Sílẹ̀, Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ànábì Ibrahim

Ilé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà Narlı,
Urfa.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Àṣà Taşkapı,
Urfa.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ ṢÍ YÀRÁ ÌJÍRÒRÒ TÍ Ẹ TÌ PA NÍTORÍ ÌJÁBỌ̀ TÍ KÒ RÍ BẸ́Ẹ̀

Èmi ni mo ń bu kọfí kíkorò fún Ẹgbẹ́ Ìjíròrò ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sátidé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo wà nínú yàrá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ kejì oṣù yìí. Ọ̀gbẹ́ni Vedat Ulukaya, akọ̀wé tó kọ ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí yín, kò sí níbẹ̀. Ariwo ló gbọ́ tó fi sáré wọlé.

Ó kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn nítorí pé àlejò kan sọ pé Ànábì Ibrahim kò gbé ayé rí. Ọ̀gá mi, irọ́ ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tarık Ersöz tó wá láti Izmir ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò sọ pé Ànábì kò sí, ohun tí òun ń béèrè ni pé kí la lè gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó ní gbogbo ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń wà láti ọdún gbọọrọ, wọn kò tíì rí òkúta kan tó dárúkọ rẹ̀. Ó ní ìtàn sọ pé ó ní ràkúnmí, bẹ́ẹ̀ àwọn egungun tí wọ́n hú jáde ní ilẹ̀ Kénáánì fi hàn pé ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ní ó gbé ayé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ràkúnmí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ẹnu ihò àpáta tí àwa gbà pé wọ́n bí Ànábì sí ni ìyá mi ti lọ gbàdúrà kó tó lóyún mi, orúkọ àpèlé Ànábì, Halil, ọ̀rẹ́ Ọlọ́run, ni wọ́n sì sọ mí. Síbẹ̀ n kò bínú. Ńṣe ni mo dúró pẹ̀lú ìkòkò kọfí lọ́wọ́, tí mo ń ro ọ̀rọ̀ ràkúnmí. Bàbá Şeyhmus tó ń ran gàárì ẹṣin ló pariwo láti ẹ̀yìn pé: "Ràkúnmí bàbá mi àgbà náà ti kú, ta ló rí egungun ẹ̀? Ṣé bàbá mi àgbà ò wáyé nìyẹn?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà ni Ìyáàfin Nergis Dolunay dìde láti fèsì. Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ wọn kọ́ ara ògiri. Wọ́n ní àwọn wàláà alámọ̀ àtijọ́ dárúkọ àwọn ìlú kan ní agbègbè Harran, orúkọ àwọn ìlú náà sì jọ ti àwọn baba ńlá Ànábì. Wọ́n ní Serug ni ọ̀kan nínú àwọn baba náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì gbà pé òun náà ni ìlú Suruç tó wà nítòsí wa níbí. Ọ̀gá mi, ní Suruç ni wọ́n ti bí ìyá mi! N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu mi: "Ìyá Olùkọ́, ṣé ènìyàn ló fún ìlú lórúkọ, àbí ìlú ló fún ènìyàn?" Wọ́n ní: "Halil, fara balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀."

Ibẹ̀ ni mo gbé kọfí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó mu ún tán, ó sì gbé ife sórí tábìlì.

Mo gbọ́ pé etí Òkun Dúdú ni ẹ ti wá, àti pé ẹ kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ láàrin wa. Ọwọ́ ẹni tó bu kọfí kíkorò ni a máa ń dá ife padà sí níbí. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ ti kó sí wàhálà: ó di dandan kó wá ìyàwó fún abu-kọfí, kó sì ṣe ìgbéyàwó fún un. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, n kò sì tíì gbéyàwó.

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kígbe. Mo ní: "Ó gbé e sílẹ̀ o! Ẹ̀yin ará, mo ti rí ìyàwó!" Àwọn kan ní: "Àlejò ni, ẹ fi í sílẹ̀." Bàbá Şeyhmus ní: "Àlejò wo? Ẹ̀rí ló ń béèrè látẹ̀ẹ̀kan, òun náà rè é lórí tábìlì!" Bí wọ́n ṣe fa ara wọn lẹ́wù nìyẹn, tí àga méjì sì dojú dé. Ọ̀gbẹ́ni Vedat wọlé, ó wo àkọlé ìjíròrò lára ògiri, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ Ànábì ló dá ìjà sílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ẹ ti ilẹ̀kùn pa. Àwòrán ilẹ̀ Ìyá Olùkọ́ wà nínú ibẹ̀, àti páálí ìwé méjì tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlá kó jọ fún ìdáhùn tí wọn kò tíì parí. Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni ọmọ wọn ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Jámánì, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá lọ láìsọ ọ́, ó tán nìyẹn. Ó ń dùn mí gan-an. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ kan àgádágodo, wọ́n bi mí pé: "Ṣé torí tèmi ni?" Mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì sìn wọ́n délé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ̀wé pé òun yóò padà wá ní ọjọ́ kẹtàlélógún láti gbọ́ èsì wọn. Mo sì ti dárí jì í lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ ṣí yàrá náà fún ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Bí ó bá di dandan kí ìyà jẹ ẹnìkan nítorí ariwo ọjọ́ náà, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n wọlé. N ó dúró síta lẹ́bàá ògiri, n kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé kan sílẹ̀, kí n lè gbọ́ ohun tí Ìyá Olùkọ́ fẹ́ sọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Halil Çevirgen,
Abu-kọfí Ẹgbẹ́ Ìjíròrò.