Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Ògiri

Bàbá Haleem,

Mo ti lọ sọ́jà. Ẹ̀kọ àti àkàrà yín wà lábẹ́ àwo. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde síta, torí ohun tí ẹ máa rí lójúde lè mú kí ẹ gbàgbé oúnjẹ.

Ubaydullah àbúrò mi yá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò. Lẹ́yìn àsùbáà ni mo gbé e lé mọ́tò yín. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lásìkò ọyẹ́, ó wá ń dán débi pé Màmá yín gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n ń wojú nínú rẹ̀ lé tìróò. Ẹ má fi apá agbádá nù ún o, á ha.

Ẹ má sì yí mọ́tò padà. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí ògiri ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ubaydullah ní kí ọwọ́ mi máa rìn, mo dúró sójú kan kí n lè rí bó ṣe ń dán, ni ọ̀dà ibẹ̀ bá bó. Ẹ má bínú.

Mo mọ̀ pé lọ́yà Ìgbósere tó pe mọ́tò yín ní pàǹtí ń bọ̀ wá rà á lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mọ́tò tó gbé mi wálé yín ni. Ẹ wojú ara yín nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ tà á, ká má rẹ́ni jẹ, ilẹ̀kùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án. Tó bá kọ̀ ọ́, ẹ pè mí, kí n ra ẹja bọ̀.

Ìyá Haleem