Dísìkì Bàbá Rẹ Tó Di E

Yung-hsin ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Taipei? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Àwa wà lálàáfíà, ewé tíì ti ń yọ, ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́. Kí ọlọ́run ilẹ̀ wa máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yẹn, torí n kò mọ ìdí tí ọmọ gidi fi ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́sí, hẹlẹhẹlẹ ni mò ń mí, n kò lè ṣàlàyé. O ti sọ fún mi pé dísìkì tí fídíò bàbá rẹ olóògbé wà nínú rẹ̀ ni D, pé o tì í pa kí olè má baà rí nǹkan kan níbẹ̀, àti pé E ṣófo, kí n lò ó bó ṣe wù mí. Ó dáa. Bàbá A-tu tó ń ya fọ́tò tẹ́lẹ̀ gbé dísìkì tirẹ̀ wá kí n lè wo ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì ki tirẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà kí n tó ki ti bàbá rẹ. Àṣé kọ̀ǹpútà ti fún àlejò lórúkọ D, ó sọ tiwa di E! Kọ̀ǹpútà wá ní òun kò rí nǹkan kà nínú E, ṣé kí òun fọ̀ ọ́ mọ́ fún wa. Bàbá A-tu ní ṣebí E tó ṣófo nìyí, kí ni mo tún ń rò, kí a fọ̀ ọ́ kí òun da fọ́tò sí i, tíì ń tutù. Ó ti gbé ìka lé e.

Ọkàn mi ò kàn balẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà ni kọ̀ǹpútà máa ń bi mí ní ọ̀rọ̀ aṣínà kí n tó rí bàbá rẹ, lọ́jọ́ yẹn kò bi mí ní nǹkan kan. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ṣé mo fẹ́ ṣẹ́ òun lọ́wọ́ ni. Mo ní bó bá gba kí n ṣẹ́ ẹ, n ó ṣẹ́ ẹ. Mo bá pè ọ́.

Igbe tí o ké, adìyẹ ìta sá. O ní dísìkì tí a tì pa máa ń dà bí òfìfo lójú ẹ̀rọ, pé bí a bá fọ̀ ọ́, gbogbo fídíò náà ni ì bá pa rẹ́, pé D àti E kàn dà bí àga lásán, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jókòó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú dísìkì kì í yí padà, òun ni kí n máa wò. Mo kà á fún ọ títí ẹnu fi gbẹ mí. O ní òun ni! Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, bàbá rẹ sì jáde nínú fídíò, ó ń bínú pé ta ló pa iná ẹyin tí òun ń sè. Bàbá A-tu ń nu ojú, ó ní èéfín ni. Èéfín kankan kò sí.

Mo ti so òwú pupa mọ́ dísìkì náà, Bàbá A-tu sì kọ orúkọ bàbá rẹ sí i nínú ẹ̀rọ. Mo bá àwọn dísìkì náà wí pẹ̀lú, pé kí wọ́n yé du àga. Ṣùgbọ́n o ní kí n ṣe ẹ̀dà ohun tí o pè ní orí àgádágodo inú rẹ̀ pa mọ́, torí bí orí yẹn bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní ṣí i mọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lókè nísàlẹ̀, n kò rí orí, n kò rí ìrù. Wá bá mi ṣe é nígbà ọdún.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra dísìkì mìíràn tí a ó da fídíò náà kọ sí, torí E kéré jù. Bó bá ṣẹ́kù, n ó fi ra bàtà òjò. Má fi í gba inú fóònù o, fọ́tò ti kún inú tèmi, owó lè má rí àyè wọlé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò gbè ọ́. O ò ní ṣàìsàn, o ò ní ṣìnà. Ayọ̀ ni wàá máa bá nílé nígbàkígbà tí o bá dé.

Èmi ìyá rẹ,
A-kim