Ìdáhùn Ìyá Lẹ́bàá Ìkòkò Aró

Ọjọ́ Ajé, 6 Máàṣì, 1911. Ìwó.
Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Rélùwéè — ẹ̀gbọ́n mi Adégòkè, akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kó má pàṣẹ. Ó ti bá dókítà òyìnbó ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kókó inú ọmú Ìyá. Dókítà ní ó jọ jẹjẹrẹ, kí a tètè gbé wọn wá kí òun gé e. Èmi, Dúró àbúrò rẹ̀, ni kí n mú wọn wá. Kí n má sì sọ ohun tí a ń lọ ṣe. Kí n ní ìyàwó òun bímọ, ọmọ ń retí ìyá àgbà. Ìyàwó rẹ̀ kò lóyún rárá.

Ìṣẹ́gun, 7.
Mo sọ ti ọmọ náà fún Ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní ṣé akọ ni àbí abo. Akọ, mo ní — irọ́ náà yá mi lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n wò mí títí, wọ́n padà sídìí aró.

Ọjọ́bọ̀, 9.
Mo fẹ́ràn láti máa kọ nǹkan sílẹ̀; iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bi Ìyá: ṣé ara le? A dúpẹ́. Ọjọ́rú: a dúpẹ́. Òwúrọ̀ yìí: a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.
Síbẹ̀, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ti wálẹ̀. Nígbà Kérésìmesì, ó ga ju orí mi lọ. Àyà mi ló dé báyìí. Ta ló sọ ọ́ kalẹ̀? Mo bi Ìyá Kékeré Oyèníkẹ́, àbúrò wọn tí wọ́n jọ ń pa aró. Ó ní apá òsì Ìyá kò ga mọ́, ó ti tó oṣù méjì.
Oṣù méjì! Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo ń béèrè, mo kàn ń kí wọn ni. Inú bí mi sí ara mi.

Àbámẹ́ta, 11.
Ẹ jẹ́ ká dán ọ̀nà mìíràn wò. N kò kí ara. Iṣẹ́ ni mo kí, bí a ṣe ń kí aláró: àrẹdú o. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn fún aṣọ. Mo ní, ìkòkò wo ló wúwo jù báyìí? Wọ́n fẹnu tọ́ka sí i. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà iṣu titun. Kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn? Ẹ̀gbẹ́ òsì.
Ìdáhùn mẹ́ta nídìí ìkòkò kan!
Wọ́n ti ìka bọ aró, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tutọ́. Kò tíì tó. Mo ní báwo ni ahọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó dúró lókèèrè tó ń bi aró pé ṣé o ti tó, aṣọ ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní dú láéláé.
Ṣé aró nìkan ni wọ́n ń sọ?

Àìkú, 12.
Ṣọ́ọ̀ṣì. Ènìyàn mọ́kànlá béèrè ara Ìyá lọ́wọ́ mi. A dúpẹ́, mo dá gbogbo wọn lóhùn.

Ìṣẹ́gun, 14.
Ìyá pè mí sídìí aró. Wọn kò wojú mi, aṣọ ni wọ́n ń rẹ.
“Dúró, ọmọ Adégòkè pé ọjọ́ mélòó lónìí?”
Mo ní mẹ́sàn-án.
“Orúkọ wo ni wọ́n ní kí n mú wá fún un?”
Ojú tì mí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni à ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, a kì í sì í sọ ọ́ nílé wa láìgba orúkọ lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀. Èmi àti Ọ̀gá Rélùwéè, ọ̀mọ̀wé méjì, a pa irọ́ tán, a gbàgbé orúkọ.
“Kí ni ẹ fẹ́ lọ fi mí ṣe?”
Mo sọ ọ́. Mo pe àrùn náà lórúkọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Wọn kò sunkún. Wọ́n ti aṣọ yẹn bọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tó yá ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ — ṣé èèyàn máa ń jí lẹ́yìn oògùn oorun òyìnbó? Ṣé apá yóò tún ga? Bó bá ti wọ ibi tí ọ̀bẹ kò lè dé ńkọ́? Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní ìyẹn sàn ju ọmọ tuntun lọ.
Mo wá mọ ẹni tí mo jogún ìtọpinpin lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 15.
Àdéhùn. Ìyá yóò lọ. Ìyá Kékeré yóò máa bójú tó ìkòkò. Èmi yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí mo bá bu ẹyọ kan kù, wọ́n á padà sí Ìwó. “Ara mi ni, Dúró.”

Ọjọ́ Ajé, 20.
Ọkọ̀ ojú irin. Ìyá ń béèrè gbogbo nǹkan: kí ló ń jẹ? Ta ló ń fún un lómi? Ṣé ó máa ń rẹ̀ ẹ́?
Ọ̀gá Rélùwéè wà níbùdókọ̀ nínú kóòtù funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ayé. Ó ní ẹ kú ìrìn, Ìyá, ṣé ara le? Mo ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó yanu.
Ìyá ní, “Kò le, Adégòkè. Ó ń dùn mí.”
Ẹ̀gbọ́n mi kò dìde. Ó gbójú sókè wò mí, ó wo Ìyá. Ilẹ̀ yẹn náà ló wà tó fi béèrè, ohùn rẹ̀ kò ní àṣẹ kankan nínú:
“Ibo ló ń dùn yín?”
Ìyá jókòó lórí ẹrù wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.