Bàbá Rẹ Kò Padà Sínú Ọkọ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Kékeré, bí àwọn òṣìṣẹ́ wa ti ń pè ọ́ láti ìgbà tí o ti ń rákòrò,

Mo kí ọ láti òkèèrè, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí àìsàn má mọ ojú ọ̀nà ilé yín. Ara tèmi le. Ti bàbá rẹ náà le, ó tilẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí wọn ni mo sì ṣe ń kọ̀wé. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, torí pé lórí fóònù o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà kò ṣeé já gbà. Jókòó, kí o kà á tán.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ìrìn àjò tí o ṣètò fún wa yìí, ọkọ̀ ojú omi wa gúnlẹ̀ sí ìlú kan. Wọ́n ní kí a sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìlú, kí gbogbo wa sì padà kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ogún ni wá tí a tẹ̀lé amọ̀nà kan, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gbé agboòrùn pupa sókè kí a má baà ṣìnà. Ó fi ilé gogoro kan tí aago wà lórí rẹ̀ hàn wá, ó fi afárá olókùúta hàn wá, a tún gun àtẹ̀gùn tí mi ò mọ òpin rẹ̀, orúnkún mi ń ro mí. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Bàbá rẹ kò ya ẹyọ kan. Láti ọjọ́ tí a ti wọ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun bí ẹni ń lo oògùn, tí wọ́n á wá jókòó sórí àga, tí wọ́n á máa wo omi. Mo rò pé bí ìsinmi ṣe ń rí nìyẹn.

Ní gbàgede kan tí omi ti ń tú sókè, amọ̀nà kà wá: mọ́kàndínlógún. Ó tún wa kà: mọ́kàndínlógún. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí bàbá rẹ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ìlú náà, tí oògùn rẹ̀ sì wà nínú báàgì mi! Mo fi orúkọ tí àwọn tó ń ra búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ wa sọ wọ́n pariwo láàárín àwọn àlejò: "Bàbá Gbígbóná o! Bàbá Gbígbóná!" Amọ̀nà mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní kí n ṣàpèjúwe aṣọ ọrùn wọn, ẹkún ò jẹ́ kí n rántí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀ láàárọ̀.

Bí a ṣe jáde níbẹ̀ ni òórùn búrẹ́dì tó ń jóná gba imú mi. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti ń bá oníbúrẹ́dì gbé. Mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ bí nǹkan bá ń jóná nínú ààrò ẹlòmíràn. Mo tẹ̀lé òórùn náà wọ òpópó tóóró kan, amọ̀nà ń sáré tẹ̀lé mi tòun ti agboòrùn. Èrò tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Mo yọjú wolé.

Bàbá rẹ ni! Wọ́n ti bọ́ kóòtù, wọ́n ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, fúláwà dé ìgúnpá wọn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, àgbàlagbà bíi tiwa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kán, wọ́n dì í, wọ́n sì fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ kan ló ti fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí búrẹ́dì máa jóná. Bàbá rẹ da ẹ̀kúnwọ́ fúláwà sílẹ̀ ààrò, wọ́n ń kà á lẹ́nu, "ení, èjì, ẹ̀ta," kí wọ́n lè mọ bí yóò ṣe yá tó kó tó pọ́n, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tí orí rẹ kò tíì ga ju tábìlì lọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Iná yìí ti pọ̀ jù, ìyá." Obìnrin náà fi èdè tirẹ̀ dáhùn, ó sì fa igi iná kan jáde. Kò sí ẹni tó túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ sì ń kọrin! Ọmọ mi, ìgbà wo lo gbọ́ orin lẹ́nu wọn gbẹ̀yìn?

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ọlọ́pàá ń wá yín káàkiri ìlú! Ẹ ṣanwọ́ kí á máa lọ, ọkọ̀ á gbéra ní aago márùn-ún." Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Máa lọ. Mi ò lọ mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọ́n wá nu ọwọ́, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Mo mọ̀ nípa ààrò."

O mọ ohun tí a jọ ṣe. Ìwọ lo ní kí a fi ìgbafẹ́ gbé bàbá rẹ kúrò nílé, kí o lè wó ààrò bíríkì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ, kí ẹ̀rọ tuntun tó ń yan búrẹ́dì ríbi dúró. Èmi ni mo ní kí o má sọ fún wọn, pé bí wọ́n bá dé tí wọ́n rí i pé ó ti parí, wọ́n á gbà. Àṣé bíríkìlà tí o bẹ̀ níṣẹ́ ti wá bá wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò! Òun náà ló bá wọn mọ ọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, kò sì lè fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bàbá rẹ ní, "Ó ń sunkún. Mo ní kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀, ọmọ mi ló ni ibẹ̀ báyìí." Wọ́n gbọn fúláwà apá wọn dànù, wọ́n ní, "Mo sì mọ̀ pé ìwọ náà mọ̀. Mo ti ń retí kí o sọ fún mi."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi jókòó sídìí tábìlì kan náà, tí wọ́n ń bu omi fún mi mu, tí wọ́n ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa, tí wọ́n sì ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn ni mo ń bá wọn sọ. Ìtìjú mú mi débi pé mo jókòó sórí àpò fúláwà, mi ò rántí pé aṣọ dúdú ni mo wọ̀.

Mo padà sínú ọkọ̀. Mo kó ẹrù àwa méjèèjì, mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, mo sì tún sọ̀kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé lọ́wọ́ mi bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá mi lójú. Nígbà tó di aago márùn-ún, ọkọ̀ fọn fèrè, ó lọ. Bàbá rẹ kò tilẹ̀ bojú wo ìta, búrẹ́dì wà nínú iná. Obìnrin náà ti fún wa ní yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi san. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ rẹ̀ ń gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá ààrò náà ṣì wà lórí ìdúró. Mi ò sì bá ọ jà pé o fẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ ni iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti wó, má ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá ọ sọ ọ́. Wá fúnra rẹ, kí o dúró níwájú bàbá rẹ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Bí kò bá tíì wó, wá náà, kí o bi wọ́n léèrè. Èmi ò tún ní bá ẹnikẹ́ni fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ mi mọ́ láyé mi.

Kí Ọlọ́run mú ọ dé láyọ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gbòòrò. Kí àwọn ọmọ rẹ má rí ìdí kankan láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ lọ́jọ́ ogbó rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ojú ń tì, tó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀.

Àfikún: Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá mu omi ni. Wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ mi, wọn kò bi mí ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu àtẹ̀gùn ni wọ́n yíjú padà: "Sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í gbóná bíi bíríkì. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ máa jóná. Kó má kúrò nídìí rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ìyẹn ba òun lọ́kàn jẹ́."