Irú Tí Mo Dà Nù

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ó pé ọgọ́rin ọjọ́ lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn yìí: mo ti lóyún. Ó ti pé oṣù méjì.

Ẹ má bínú, irú yín ni mo fi mọ̀. Ìgbà kejì tí mo máa dá irú ṣe láìsí ẹ̀yin nìyẹn. Mo sè é láti àárọ̀ dalẹ́, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fọ èèpo rẹ̀ dànù lódò, mo tún un sè, mo wá fi ewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo ṣí i ní ọjọ́ kẹta, òórùn tó kọ lù mí dà bíi ti ẹran tó kú sínú igbó. Mo sáré jáde, mo bì títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo gbé odindi apẹ̀rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á sórí ààtàn, mo sì jókòó tì í, mo ń sunkún. Ọjọ́ kejì ni àwọn oníbàárà yín máa ti Iléṣà dé.

Àbúrò yín, Àǹtí Bọ́lá, ló bá mi níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ sẹ́nu.

"Ta ló ní irú yìí bàjẹ́?"

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná, mà."

"Ṣé o fẹ́ kí irú máa rùn bíi lọ́fíńdà ni? Imú tìẹ ló yí padà." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù ẹ gbẹ̀yìn?"

Yèyé, ọwọ́ òfo làwọn oníbàárà yín bá lọ. Ìyá kan nínú wọn sọ ọ́ sójú mi pé irú Ìpetu, ìlú wa yìí, ti bá ìyá mi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébì lọ.

Mo tún gbé òmíràn kaná. Mo fi aṣọ di imú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi í sílẹ̀ lọ bì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ ẹnu padà síbẹ̀. Ẹ̀yin máa ń dijú, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó wá mi orí pé ó ti tó. Èmi ò lè ṣe ìyẹn, ìka ni mo fi mọ̀ ọ́n: ó rọ̀, ó ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ilá. Nígbà tí ìyá Iléṣà yẹn padà wá, tí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún un tọ́ wò.

"Àbí èyí tí ìyá ẹ ṣe sílẹ̀ lo gbé jáde?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo yíjú tutọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, orí mi wú.

Ṣé bó ṣe ṣe ẹ̀yin náà nìyí nígbà tí ẹ lóyún mi? Ṣé ẹ̀yin náà bì sẹ́bàá odò? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tí ẹ wà?

Èébì náà ò tíì lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, n ó tún gbé irú kaná, n ó sì máa ṣe é lọ.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.