Lọ́fíńdà Tí Mo Ń Tún Ṣe Ní Gbogbo Ọjọ́ Ajé

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Kejì sí Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Àwé mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ìyá yín ti ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ báyìí? Ẹ̀yìn tó máa ń ro ọ́ ńkọ́, àbí àga ọ́fíìsì yẹn kò tíì dá a sí? Tiwa náà ń lọ, a dúpẹ́. Ara mi le, ilé wa sì ń ta sánsán débi pé ọkọ mi ní òun kò mọ òórùn ọbẹ̀ mọ́.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o wá bá mi ṣe lọ́fíńdà, kí ìwọ náà lè rí ìsinmi. Ìsinmi kẹ̀. Fara balẹ̀ ka èyí ná. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì tí mo fi ọ́ sílẹ̀ sí ti kọ̀wé sí mi pé àyè mi ṣì ṣófo, pé kí n padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì ni òun fẹ́ gbọ́ èsì. Ọkọ mi kò sọ pé kí n lọ o. Ó kàn fi pólíìṣì kun bàtà ọ́fíìsì mi, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní eruku ló ń bá a. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, nítorí ó ti tó oṣù méjì tí àwọn oníbàárà mi ti ń dín kù, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

O mọ bí a ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni a máa ń tún áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí fóònù ṣe. A ó gbé bọ́tìnnì láti ọ̀tún lọ sí òsì, a ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, a ó ní ó ti dára sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó kọ̀wé. A ó dá a lóhùn pé a ti gba àròyé yín, a dúpẹ́. Ó parí.

Àwé mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe lọ́fíńdà mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ pò, èèpo ọsàn, kànáfùrù àti ewé tíì ló wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Ọkàn mi kò gbà kí n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọjọ́ Ajé dé, mo fi ẹ̀kán oje èèpo ọsàn kan kún un. Ọjọ́ Ajé mìíràn dé, mo dín kànáfùrù kù. Ìgò kan náà, orúkọ kan náà. Bí mo bá sì ti kọ ìwọ̀n tuntun, mo ń pa ti àtijọ́ rẹ́, èmi tí mo máa ń pariwo lé ọ lórí pé kí o tọ́jú iṣẹ́ àná kí o tó fọwọ́ kan tòní.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òpópónà kejì sí wa, wọlé wá, ó gbé ìgò kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́ ni mo rà lọ́wọ́ ẹ nígbà àkọ́kọ́." Mo ní a ti tún un ṣe ni, mà, pé ó ti dára sí i. Ó ní ta ló bẹ̀ mí. Ni mo bá sọ èyí tí mo mọ̀ ọ́n sọ jù: mo ní a ti gba àròyé yín, mà, a dúpẹ́. Ìyá ní, "Mo mọ̀ pé o ti gbà á. Iwájú ẹ kọ́ ni mo dúró sí?" Ó fa àga, ó jókòó.

Ó wá sọ fún mi pé ọdún mẹ́rìndínlógójì ni òun fi gbẹ̀bí, pé òórùn oògùn ìfọwọ́ ilé ìwòsàn kò kúrò lọ́wọ́ òun títí di òní, bó ti wù kí òun fọ̀ ọ́ tó. Ìgò àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló borí rẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo jẹ́wọ́ pé n kò ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò bú mi. Ojú rẹ̀ kàn fà ro, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń pò ó. Imú tèmi ti kú, tirẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èmi á kán an, ìyá á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, á gbé e símú, á ní "rárá." Ìgbà mẹ́tàlélógún. Ìgbà kẹrìnlélógún dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo imú, ó dijú. Mo sá mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó mí. Nígbà tó ń lọ, ó ní bí òun bá tún fi lè gbọ́ òórùn mìíràn nínú ìgò yẹn, òun ń bọ̀.

Ọ̀gá wa yóò rí èsì mi gbà lọ́la: n kò padà mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì mi lé ní mílíọ̀nù, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí nǹkan tí mo bà jẹ́ dùn débi pé ó rìn wá bá mi.

Ro ìyẹn wò dáadáa kí ìwọ náà tó ṣe ohunkóhun. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o dì mọ́ àwọn ọmọ fún mi, kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá yín lórúkọ mi.

Tìrẹ láìyẹ̀,
Ìyá Onígò
(Ọ̀gá Bọ́tìnnì àná)