Ọkọ̀ Tó Ń Rí Ìjì

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

"Láti òní lọ, ìjì kankan ò ní bá Bàrígà lójijì mọ́." Ọ̀gá àwọn tó gbé ọkọ̀ rédà wá sí Ladi-Lak, ẹ̀rọ tó ń rí ìjì láti òkèèrè, ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, tòun ti kóòtù nínú ooru yìí. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì mí.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sàkírù télọ̀ ni wọ́n páàkì sí. Ó tiẹ̀ yá wọn ní àga.

Ní aago mẹ́ta, ìjì ṣí páànù orí ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Gbogbo yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé tó ti rán sílẹ̀ rin gbingbin. Òjò dá tán, ọ̀gá jáde látinú ọkọ̀, inú rẹ̀ ń dùn: "Láti aago méjì la ti rí i!"

"Ẹ rí i, ẹ jókòó sórí àga mi, ẹ ò wá pè mí?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. A ti kọ̀wé sí Àbújà. Àṣẹ ìkìlọ̀ la ń retí."

Tíì mi ti tutù, inú ṣì ń bí mi. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ìbéèrè tí mo bi í kò sì le rárá: láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ yín dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí, ìṣísẹ̀ mélòó ni?